Ibi Tí Aṣeyín Ń Sùn

Ọkùnrin náà dúró gbọnin ní àárín afárá, ẹsẹ̀ kan ní ìhín ilà funfun tí a fi pààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ kejì ní ọ̀hún, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná bí ẹni tí ọba kankan kò lè mú. Irun orí rẹ̀ funfun, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ pàápàá funfun. Ìkùukùu òwúrọ̀ tí ó ń gòkè láti inú odò sì ti bo ìyókù ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi pè é ní àgbàlagbà.

Obìnrin tí ó ń bọ̀ lọ́nà rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń tàn jẹ. Aṣeyín ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé eyín àtọwọ́dá ni ó ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní apá òkè odò, ó sì lè rí àlàfo tí kò fẹ̀ ju irun orí kan lọ láàárín eyín méjì. Ṣùgbọ́n ìkùukùu kò mọ ẹni àpọ́nlé. Ó tẹríba, ó sì kí ọkùnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni ọkùnrin náà dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dúró dè níbí? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Àwọn agbowó-orí ni mò ń dúró dè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà ní ìpínlẹ̀ òkè, tòsì wà ní ìpínlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ní àwọn ló ni mí. Mo ní kí wọ́n wá pín mi níbí, kí oníkálukú mú ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ sílé."

Lójijì, afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wá láti orí odò. Ewú bàbá gbéra kúrò lórí rẹ̀, ó fò lọ bí ẹ̀fín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀fẹ̀ sì kù síbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Ìyẹ̀fun ni," ni Aṣeyín sọ.

"Ìyẹ̀fun ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ gba ìkíni yín padà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti tẹríba fún mi."

"Ẹ rí i pé mo ṣì yín mú, ẹ sì dákẹ́."

"Ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan, ó yẹ kó gbà á. Agbowó-orí nìkan ló ń gba ohun tí a ò fún un."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aṣeyín kí ó tó rí i dì mú. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ní orí afárá yẹn, nítorí pé ẹrù kan náà ni òun pẹ̀lú rù.

"Wọ́n kọ̀wé sí èmi náà," ni ó wí. "Òkè kọ̀wé, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọ̀wé."

"Ha. Ẹ wá dúró tì mí, kí wọ́n pín wa pọ̀."

Òfin tí àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ fọwọ́ sí kò lọ́jú pọ̀. Ibi tí ènìyàn bá ń sùn, ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ibi tí ó bá sì ń gbé, ibẹ̀ ni yóò san owó-orí rẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ kejì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìpínlẹ̀ náà yóò dá gbogbo ohun tí ó ti yọ lára owó oṣù rẹ̀ padà fún un nígbà tí ó bá kọ ìwé owó-orí ọdún. Aṣeyín ń ṣiṣẹ́ ní òkè, ó ń sùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí, tí búrẹ́dì yíyan ní ilé iṣẹ́ kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ń sùn ní òkè. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì rọrùn bí ẹní ń mí.

"Wọ́n ní ibi tí ènìyàn bá ti lo òru ló ń gbé," ni Oníbúrẹ́dì ṣàlàyé, bí ó ti ń sin ín lọ sí apá òkè. "Mo ní, ẹ̀yin ará pẹ̀tẹ́lẹ̀, iwájú ààrò ni mo ti ń lo òru, lórí ìdúró. Ọ̀sán ni mò ń sùn, lókè, lórí ibùsùn mi. Wọn ò gbà. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọn kan wá ṣọ́ mi níbi iṣẹ́. Ó jókòó ti ààrò, ó jẹ búrẹ́dì mi, oorun gbé e lọ fọnfọn. Nígbà tó jí, mo bi í pé, 'Ọ̀gá, nínú àwa méjèèjì, ta ló ń gbé ibí?'"

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní kí n di búrẹ́dì kan fún ìyàwó òun."

Aṣeyín tún rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bí ẹni tí ó rí i pé òun ti dá nǹkan tí ó dára.

"Tiyín ńkọ́? Ta ló fi yín sùn níbi tí ẹ ò sùn?"

"Bàbá mi ni," ni Aṣeyín dáhùn. "Ó lọ búra pé ilé òun ni mò ń gbé."

"Ṣé ibẹ̀ lẹ ń gbé?"

Aṣeyín fa okùn kan yọ láti ọrùn aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ni ó so mọ́ ọn. "Mo ní yàrá tèmi," ni ó wí, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sí àyà rẹ̀.

Awọnlẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun gan-an ni ó wọn àárín afárá yẹn nígbà èwe rẹ̀, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ilà funfun náà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bàbá kò ní ẹlòmíràn nínú ilé ju ọmọbìnrin yìí lọ, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ òkúta ààlà. Bí ó bá pẹ́ níbi iṣẹ́, yóò bi í léèrè. Bí ó bá tètè dé, yóò bi í léèrè. Ní ọjọ́ kan Aṣeyín kó aṣọ rẹ̀, ó dágbére, ó sì lọ gba yàrá kan ní òdìkejì odò, nítorí pé ó wù ú láti ní ilẹ̀kùn kan tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ṣí i. Nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì owó-orí ti òkè wá bi bàbá pé níbo ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, bàbá wò wọ́n bí ẹni wo wèrè. Ọmọbìnrin tí kò ì tíì lọ sílé ọkọ, níbo ni yóò tún máa gbé bí kò ṣe ilé bàbá rẹ̀? Ó búra, ó fọwọ́ sí i.

Kò ní i lọ́kàn láti ṣe ibi. Ṣùgbọ́n ìbúra náà di okùn sí ọrùn ọmọ rẹ̀: òkè kọ̀ láti dá ohun tí ó ti yọ padà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní tòun kù. Bí Aṣeyín bá san án fún àwọn méjèèjì, kò ní lè di yàrá náà mú mọ́. Yóò padà sábẹ́ òrùlé bàbá, ìbúra èké yóò sì di òtítọ́.

"Ẹ má san án," ni Oníbúrẹ́dì wí nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ afárá.

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ san án?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, bí Aṣeyín bá ń lọ síbi iṣẹ́, Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ibi ilà funfun sì ni wọ́n ti ń pàdé. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Oníbúrẹ́dì a mú búrẹ́dì tí ó ṣì gbóná yọ lábẹ́ ẹ̀wù, Aṣeyín a tẹríba wẹ́rẹ́, a ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Oníbúrẹ́dì a gbé ohùn sísàlẹ̀, a ní, "Ọmọ mi, jẹun, o ti rù jù."

"Eyín rẹ yìí dára," ni Aṣeyín sọ fún un ní ọjọ́ kan. "Ó dùn mí. Mi ò lè rí iṣẹ́ ṣe lẹ́nu rẹ."

"Ṣe sùúrù. Bí mo bá darúgbó lọ́dọ̀ rẹ, gbogbo rẹ̀ á já, wàá sì ṣe é tẹ́ ara rẹ lọ́rùn."

"Lọ́dọ̀ mi?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Oorun ló ń kùn mí."

Nígbà tí ọ́fíìsì owó-orí ti òkè dá ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ Aṣeyín, Oníbúrẹ́dì kò lọ sùn. Ó fọ ojú, ó wọ ẹ̀wù mímọ́, ó bá a lọ, ó sì jókòó sórí àga gígùn ní ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú etí. Yàrá náà kò tóbi. Fáànù kan ń yí lókè láìfẹ́ atẹ́gùn kankan, àwọn ènìyàn tí ó ń dúró de tiwọn sì tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ̀ sí tẹni ẹlẹ́ni. Akọ̀wé Àgbà, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le, tí jígí rẹ̀ wà ní orí imú, ló jókòó sí ìdí tábìlì. Bàbá Aṣeyín jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó nà ró bí òpó, eyín rẹ̀ sì ń dán. Aṣeyín ló ṣe gbogbo eyín òkè náà fún un. Eyín tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ni bàbá fẹ́ fi jẹ́rìí lòdì sí òun.

"Bàbá," ni Akọ̀wé Àgbà wí, "ṣé ilé yín ni ọmọ yín ń gbé?"

"Níbo tún ni ọmọbìnrin tí kò ì tíì lọ sílé ọkọ ń gbé?"

"Ìbéèrè ni mo bi yín, sà."

"Ìdáhùn ni mo fún yín, mà."

"Bàbá mi," ni Aṣeyín dá sí i, "ẹ dákun, ìgbà wo lẹ rí mi kẹ́yìn lórí ibùsùn tó wà nílé yín?"

Bàbá kò wò ó. "Ibùsùn náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kì í yí po kí n má gbọn aṣọ orí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Aṣeyín níbi tí kò múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ ṣeun, sà. Aṣọ tí ẹ ń gbọ̀n, kò sí ẹni tó ń fi bora."

Akọ̀wé Àgbà tẹ jígí rẹ̀ sókè. "Onílé yín ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kò lè jẹ́rìí?"

"Òkè òkun ló wà, mà. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gba owó ilé, ọmọ náà ò sì fẹ́ kí ọ́fíìsì owó-orí kankan mọ̀ pé òun ń gba ohunkóhun."

"Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n ìbúra bàbá yín dúró, àyàfi bí ẹnì kan bá wà tó mọ ibi tí ẹ ń sùn dájú."

"Mo mọ ibi tó ń sùn," ni ohùn kan dún láti ẹ̀yìn.

Ẹni tí ó ń kọ̀wé gbé ọwọ́ dúró, ẹni tí ó ń húkọ́ gbé ikọ́ mì. Oníbúrẹ́dì, tí ó ti dìde dúró, gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, etí rẹ̀ sì pọ́n lábẹ́ ìyẹ̀fun.

"Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé... láràárọ̀ ni mò ń rí i tó ń bọ̀ láti apá ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì máa ń ní oorun."

"Ìyẹn ò tún ọ̀rọ̀ yín ṣe, ọ̀gbẹ́ni," ni Akọ̀wé Àgbà wí.

Bàbá ti yíjú padà. "Ta ni èyí?"

"Oníbúrẹ́dì ni mí, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Kí lo jẹ́ sí ọmọ mi?"

Oníbúrẹ́dì wo Aṣeyín, nítorí ìdáhùn náà kì í ṣe tirẹ̀ láti fọ̀. Aṣeyín dìde. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

"Ẹni tí mo fẹ́ràn ni. Ẹ lè kọ ìyẹn sílẹ̀, mà, bó bá wúlò."

Bàbá dìde pẹ̀lú. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín òkè náà, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì Akọ̀wé Àgbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gba eyín rẹ," ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì ń fẹ́ atẹ́gùn. "Ìwọ tí o ní ilé tìrẹ."

Akọ̀wé Àgbà fi rúlà ti eyín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ́fíìsì yìí kì í gba eyín," ni ó wí. Ó sún ẹjọ́ náà sí ìparí oṣù.

Lórí àtẹ̀gùn ìta ni bàbá ti bá ọmọ rẹ̀ ṣe àdéhùn, bí ènìyàn bá lè pe èyí ní àdéhùn. "Fi oníyẹ̀fun yẹn sílẹ̀. Màá fa ìbúra mi ya, wàá ní yàrá rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n gba owó náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì."

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ mi. Ẹ kì í ṣe ẹni tó ni yàrá náà, ẹ ò lè fún mi. Ẹ kì í sì ṣe ẹni tó ni òun, ẹ ò lè gbà á."

Ó fi aṣọ ìnujú di eyín náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Oníbúrẹ́dì, tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹnikẹ́ni lórí ilà. Ní ọjọ́ kẹta bákan náà. Aṣeyín dúró títí ó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fẹ́ parí, ìbànújẹ́ rẹ̀ ti di ìbínú. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó dáná ààrò, ó gba ilé iṣẹ́ náà lọ tààrà. Oníbúrẹ́dì wà níwájú tábìlì gígùn kan, ó ń po ìyẹ̀fun, gbogbo apá rẹ̀ rì sínú rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá," ni Aṣeyín wí. Lọ́tẹ̀ yìí kò tẹríba.

Oníbúrẹ́dì dúró. "Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni mò ń gbà báyìí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi sọdá."

"Ta ló ní kí o gba ọ̀nà ìsàlẹ̀?"

"Mo gbọ́ ohun tí bàbá rẹ sọ. Mo rò pé bí mo bá yẹra, á fa ìbúra náà ya, yàrá á kù fún ọ."

"Bàbá mi pinnu ibi tí mò ń gbé láìbi mí. Ìwọ náà pinnu ẹni tí màá pàdánù láìbi mí. Sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi."

Oníbúrẹ́dì ronú gidi. "Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ò ní eyín tí mo lè dá padà fún ọ."

Aṣeyín kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bá ẹnu ara rẹ̀ jà, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ díẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni ó wí. "Mi ò ní fi ọkọ ra yàrá. Mi ò sì ní fi yàrá ra ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọ̀kan fún mi, kó lọ pa ọjà rẹ̀ dé."

"O pè mí ní ọkọ."

"Àpẹẹrẹ ni mo ṣe."

"Àpẹẹrẹ náà dùn mọ́ mi. Tún un ṣe."

"Yọ ọwọ́ nínú ìyẹ̀fun yẹn ná, kí o bẹ̀ mí."

Oníbúrẹ́dì yọ ọwọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Aṣeyín jáde sí ojú ọ̀nà, ìka ọwọ́ funfun márùn-ún ló wà ní ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo àdúgbò ni ó sì rí i. Kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Ọjọ́ tí wọn yóò parí ẹjọ́ náà ti súnmọ́lé nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá Aṣeyín lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá bàbá rẹ̀ níbẹ̀, tí ó di fìlà mú lọ́wọ́. Bàbá ti rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn, bàtà rẹ̀ sì kún fún eruku ọ̀nà.

"Ó ti sú mi láti máa mu ohun olómi bí ọmọ ọwọ́," ni bàbá wí. "Níbo ni eyín mi wà?"

"Ẹ wọlé, sà. Ẹ jókòó."

Àga kan ṣoṣo ló wà, bàbá sì ni ó jókòó lórí rẹ̀. Eyín náà wà nínú ife omi lórí tábìlì, omi rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Aṣeyín fi í sí ẹnu bàbá, ó ní kí ó gé e pọ̀, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Eyín náà ti ń mì, nítorí pé bàbá ti fọn. Aṣeyín yọ ọ́, ó mú irin ìhayín rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níwájú fèrèsé. Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ibùsùn tóóró náà, ó wo aṣọ tí ó kọ́ sára ògiri, ó sì wo òde láti ojú fèrèsé. Ó dìde dúró.

"Òrùlé mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yàrá mìíràn pọ̀ nínú ilé yìí tó kọjú sí títì. Kí ló dé tí o fi gba èyí tó kọjú sí odò?"

"Kí n lè máa rí iná yín. Bí ẹ bá pa á, mo mọ̀ pé ẹ ti sùn. Ìgbà náà lèmi náà ń sùn."

Irin Aṣeyín ń ha eyín, ó ń fẹ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dànù.

"Mo rò pé o sá fún mi ni," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn.

"Mo jáde ni, bàbá. Mi ò sá. Ẹni tó sá kì í kọjú sí ibi tó ti sá wá."

"Nígbà tí mo dé ibi ilà yẹn, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Èmi ni mo kùn ún, n kò sì tíì kọjá rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Kò dùn mí. Mo rí i pé ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí."

Aṣeyín fi eyín náà sí i lẹ́nu padà. Kò mì mọ́. Bàbá wo búrẹ́dì tí ó wà lórí tábìlì, ó mọ ẹni tí ó ti wá, ó sì gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kù díẹ̀.

"Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni bàbá wí, bí ẹni tí ó ń jẹ́wọ́.

"Ẹ sọ fún un fúnra yín."

"Mi ò tíì jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, bàbá ni ó kọ́kọ́ dìde. "Ẹ fagi lé ìbúra mi, mà. Ọmọ mi kò gbé ilé mi. Ó máa ń wá kí mi ni."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ báyìí, sà?"

"Mo ti dé ilé rẹ̀. Àga kan ló ní, èmi ló sì fi jókòó."

Akọ̀wé Àgbà wo ẹnu rẹ̀. "Mo rí i pé eyín ti padà sípò." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, ìpínlẹ̀ òkè sì gbà láti dá ohun tí ó yọ padà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ni Aṣeyín san owó-orí fún, yàrá rẹ̀ sì kù fún un. Ti Oníbúrẹ́dì náà yanjú láìpẹ́ sí ìgbà náà: òṣìṣẹ́ tí ó sùn ti ààrò ni ó jẹ́rìí pé òun nìkan ni òun rí tí ó sùn níbẹ̀.

Bàbá rò pé ìyókù ti rọrùn. "Ilé oníbúrẹ́dì rẹ kò jìnnà sí tèmi," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Bó bá fẹ́ ọ, wàá kó padà sí òkè. Ilé ọkọ, ilé bàbá, ojú ọ̀nà kan náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Aṣeyín bá Oníbúrẹ́dì lórí ilà, funfun láti orí dé irùngbọ̀n. Ọkùnrin náà kò mú búrẹ́dì yọ lọ́jọ́ náà.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," ni ó wí. "Mo ti ń sọ ọ́ fún ààrò láti àná, ó dùn ju báyìí lọ nígbà yẹn."

"Ó dùn tó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó kúrò ní yàrá mi. Bí mo bá ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọkọ, kí ni mo jà fún?"

"Ta ló ní kí o kó? Èmi ni mò ń kó bọ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ń sùn níbẹ̀ náà, kò sí ẹni tó máa béèrè ẹsẹ̀ mi mọ́. Kí wàhálà kù sí ẹnì kan nínú ilé."

"Ibùsùn mi tóóró."

"Ìwọ á sùn ún lóru, èmi á sùn ún lọ́sàn-án. Ọjọ́ ìsinmi la máa jà lé e."

Aṣeyín tẹríba, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ilà náà. "Mo gbà, bàbá."

Bàbá tòótọ́ bínú nígbà tí ó gbọ́. "Ọkùnrin wo ló ń kó lọ sílé ìyàwó?"

"Ọkùnrin tí ọkọ̀ ojú omi ti sú, sà," ni Oníbúrẹ́dì dáhùn, ó sì gbé búrẹ́dì kan tí ó fẹ̀ bí ìrọ̀rí kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tìbínútìbínú. Nígbà tí ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó béèrè bóyá yàrá náà lè gba àga kejì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rù ú sọdá afárá.

Ọdún yí po, àkókò ìwé owó-orí tún dé. Aṣeyín jókòó níwájú Akọ̀wé Àgbà, Oníbúrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá wà lórí àga gígùn ní ẹ̀yìn.

"Ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lókè, ẹ ṣì ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀," ni Akọ̀wé Àgbà kà. "Ẹlẹ́rìí?"

Oníbúrẹ́dì dìde. "Mo mọ ibi tó ń sùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn. Akọ̀wé Àgbà yọ jígí rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, a mọ̀ yín. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìdí ààrò lẹ ti ń rí òwúrọ̀, báwo lẹ ṣe mọ ibi tí ìyàwó yín ti sùn mọ́jú?"

Oníbúrẹ́dì wo Aṣeyín. Aṣeyín mi orí sí i pé kí ó sọ ọ́.

"Nítorí pé bí mo bá délé láàárọ̀, mà, ibùsùn náà ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Akọ̀wé Àgbà gbé kálàmù dání, kò mọ bí òun yóò ṣe kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́," ni bàbá wí láti ẹ̀yìn, eyín rẹ̀ sì pé lẹ́nu rẹ̀ pérépéré.